Bíà Wo Ló Mọ Ìrìn-àjò?

Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń bi wá jù nílé ọtí báyìí ni pé, "Bíà òyìnbó wo lẹ ní?" Ayé ti kọjá ibi tó jẹ́ pé Star, Gulder àti Trophy nìkan ló ń bẹ nínú fíríìjì. Ìgò kéékèèké ti ń wọlé láti Bẹ́ljíọ̀mù àti Jámánì, àwọn búrẹ́wì kéékèèké tiwa náà sì ti dé, irú Bature Brewery ní Victoria Island, tí wọ́n ń pọn ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní craft. Wọ́n wọ́n ju èyí tí ẹ mọ̀ lọ dáadáa. Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ àpò, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń tà á sọ ohun tí mo fi ń yàn án: kì í ṣe gbogbo bíà ló mọ ìrìn-àjò.

Òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní hops ló ń fún bíà ní ìkorò àti òórùn. Ìkorò yẹn kì í tètè lọ, àmọ́ òórùn rẹ̀, èyí tó ń ta síni nímú bí ọsàn tàbí máńgòrò, kì í pẹ́ rá. Ooru ló sì ń lé e lọ jù. Bíà tí wọ́n ń pè ní IPA (India Pale Ale), tí wọ́n ń da hops sí dáadáa, òórùn yìí gan-an lẹ ń sanwó fún. Ẹ wáá wò ó: wọ́n kó o sínú kọ̀nténà, ó la òkun kọjá, ó dé Àpápá, ó jókòó sínú irin gbígbóná títí wọ́n fi parí ìwé ẹ̀, wọ́n tún gbé e lọ sí sọ́ọ̀bù tí kò níná. Nígbà tó bá fi dé orí tábìlì yín, ìkorò ló kù, àti adùn kan tó jọ ti páálí tó rẹ sómi. Ẹni tó bá fi irú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ á ní craft ò dáa, láìmọ̀ pé òkú ọtí lòun mu. IPA tí wọ́n pọn l'Ékòó lóṣù tó kọjá, bí orúkọ rẹ̀ ò tiẹ̀ dún, òun ni kẹ́ ẹ mú.

Èyí tó mọ ìrìn-àjò ni bíà líle, bíà dúdú, pàápàá àwọn ti Bẹ́ljíọ̀mù tí ìwúkàrà ṣì wà nínú ìgò wọn. Chimay tó ní bébà búlúù lára, ọtí gidi inú rẹ̀ jẹ́ 9%. Láti ọdún 1862 ni wọ́n ti ń pọn Chimay nílé àwọn mọ́ǹkì Kátólíìkì, ìgò rẹ̀ sì lè wà nílẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kó má bàjẹ́. Irú ìyẹn, ẹ jẹ́ kó tòkèèrè wá.

Àwọn kan máa ń bínú tí mo bá gbé lambic, bíà kíkan kan láti Bẹ́ljíọ̀mù, fún wọn, wọ́n á ní ó ti kan. Bẹ́ẹ̀ ni, ó kan; bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní agbègbè Brussels tí wọ́n ti ń pọn ọ́n, wọn kì í da ìwúkàrà sí i. Wọ́n á ṣí omi ọkà náà sílẹ̀ mọ́jú, kí ohun tó wà nínú afẹ́fẹ́ wọnú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti mu ẹmu tó sùn mọ́jú, tàbí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó ti lò tó ọjọ́ mẹ́ta, kò ní bá a lójijì. Bíà sì ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fúnra rẹ̀: wọ́n á rẹ àgbàdo títí yóò fi hù, wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó hó. Ohun tí búrẹ́wì ńlá ń ṣe náà nìyẹn, àfi ti hops tí kò sí nínú tiwa. Bùrùkùtù òkè ọya ńkọ́, àti tchoukoutou tí wọ́n ń fi ọkà bàbà pọn ní àríwá Benin? Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí ilé ọtí tó ń fi lambic yangàn tí kò sì gbé ìgò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan sílẹ̀.

Ẹ má sì fojú tín-ín-rín wo bíà ilé. Ọdún 1949 ni Star kọ́kọ́ jáde ní búrẹ́wì Ìgànmú l'Ékòó. Ilẹ̀ṣà ni Trophy ti wá. Lọ́dún 1988, ìjọba fòfin de kíkó ọkà bálì tí wọ́n fi ń pọn bíà wọlé, làwọn búrẹ́wì bá kọjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Ọkà bàbà yẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí Guinness tí à ń mu nílé rí bíi ti Dublin, ní Ireland tó ti ṣẹ̀ wá, lẹ́nu. Tiwa nípọn, ó ládùn, 7.5% ni. Àwọn èèyàn wa ní Peckham, ní London, ń wá èyí tí wọ́n kó láti Nàìjíríà wá, wọn kì í sì í fẹ́ gba òmíràn. Lọ́dọ̀ tiwọn, Guinness ilé wa ni bíà òkèèrè.

Oníbàárà wa kì í jẹ́ ká ṣí ìgò láì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. "Ọ̀gá, èyí ò tutù, ẹ bá mi pààrọ̀ ẹ̀." Fún lager, irú bíi Star àti Trophy, òótọ́ ni wọ́n sọ, pàápàá lóṣù kẹta tí ooru ò jẹ́ kéèyàn gbádùn. Ṣùgbọ́n òtútù àjùlọ ń pa ahọ́n kú. Bí ẹ bá mu stout, ìyẹn bíà dúdú bíi Guinness, tàbí Chimay tó tutù bíi yìnyín, àwọ̀ dúdú nìkan lẹ rà. Ẹ gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 15. Ẹ mu ẹnu kan nígbà tó ṣì tutù, ẹ tún tọ́ ọ wò lẹ́yìn náà, ẹ ó rí i pé kọfí àti ṣokoléètì tí wọ́n kọ sára ìgò kì í ṣe irọ́.

Ife ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mójú tó jù. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá da bíà tán, ẹ wo ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìhó wínníwínní tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ife tí kò gbéra, ife yẹn ò mọ́: òróró ọbẹ̀ ló wà lára ẹ̀, tàbí ọṣẹ tí wọn ò ṣàn dáadáa. Ìfófó rẹ̀ ò ní dúró. Bí ife bá mọ́, ìfófó á máa fi òrùka kan sílẹ̀ lórí òrùka kan bẹ́ ẹ ṣe ń mu ún lọ. Kànrìnkàn tí a fi ń fọ abọ́ pẹpẹ súùpù kò gbọ́dọ̀ kan ife bíà láéláé. Ẹ fi ife dẹ̀gbẹ́, ẹ dà á sí i lára. Tó bá kọjá ìdajì, ẹ nà án ró, kí ìfófó rẹ̀ tó ìka méjì. Ẹni tó bá ń sá fún ìfófó, inú ikùn ara rẹ̀ ló ń kó gáàsì náà sí. Bíà àlìkámà ti Jámánì, bíi Weihenstephaner, ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù, ẹ yí ìgò pọ̀, kẹ́ ẹ da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọn. Ti Duvel, bíà líle ti Bẹ́ljíọ̀mù, ìgò ni kẹ́ ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀ sí.

Ní ti oúnjẹ, IPA àti pẹpẹ súùpù ẹja àrọ̀ ò rẹ́. Ìkorò yẹn á mú kí ata túbọ̀ máa jó yín. Lager ni kẹ́ ẹ fi tẹ̀ lé e. Súyà àti àsun, stout.

Ẹ tún ṣírò agbára rẹ̀. Ìgò 60cl tó jẹ́ 5%, 30ml ọtí gidi ló wà nínú ẹ̀. Duvel 33cl, tó jẹ́ 8.5%, ní 28ml. Ìgò kékeré tẹ́ ẹ rò pé kò lè ṣe nǹkan kan, ìgò ńlá kan ló kù díẹ̀ kó jẹ́. Guinness 60cl tó 45ml, ìyẹn ìgò lager kan àtààbọ̀. Nítorí náà, èyí tí agbára rẹ̀ kéré ló ń ṣáájú, torí lẹ́yìn Chimay, omi lásán ni lager á jọ lẹ́nu yín. Ẹni tó bá wakọ̀ wá, kó jẹ́ ká bá a pe Bolt.

Kí wọ́n tó ṣí ìgò, ẹ gbà á, ẹ yí i wò. Ìgò aláwọ̀ búráùn ń bo bíà lọ́wọ́ oòrùn; aláwọ̀ ewé àti èyí tó mọ́ gaara ò lè bò ó tó bẹ́ẹ̀. Bí oòrùn bá ti kan hops nínú ìgò, bíà náà á máa rùn bíi rọ́bà tó jóná. Sọ́ọ̀bù tó bá to ìgò aláwọ̀ ewé síta lójú oòrùn, ẹ kọjá ibẹ̀. Ẹ wá déètì tí wọ́n pọn ọ́n. Bí IPA bá ti lé lóṣù mẹ́rin sí márùn-ún, ẹ dá a padà. Bí ẹni tó ń tà á bá wá ń yí ìgò síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ẹ má baà rí déètì náà, ẹ ní kó gbé Trophy wá. Ìyẹn kì í pẹ́ nílẹ̀.