Fìtílà Orí Òkè Ripley

Ẹni tó bá dúró létí odò Ohio nílùú Ripley, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tó wá gbójú sókè, ilé bíríkì pupa kékeré kan ni yóò rí lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú. Àwọn ẹrú tó ń sá lọ ni wọ́n ń fi pamọ́ síbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ta ló ń gbé ohun ìkọ̀kọ̀ lọ sórí òkè tí tọmọdé tàgbà ń wò?

Odò yẹn ló fà á. Láti ọdún 1787 ni òfin ti ka níní ẹrú léèwọ̀ lápá àríwá rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Kentucky tó wà lódìkejì, wọ́n ṣì ń ta èèyàn bí ẹni ta màlúù. James Poage, ọmọ Virginia, ló tẹ ìlú náà dó ní 1812. Staunton ló pè é, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Ripley ní 1816 nítorí ọ̀gágun kan tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà.

Pásítọ̀ John Rankin dé ní 1822. Ọmọ ìyá rẹ̀ kan ní Virginia lọ ra ẹrú, inú bí Rankin, ó kọ lẹ́tà sí i léraléra, ìwé ìròyìn ìlú sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Etí odò ló kọ́kọ́ ń gbé. Ní 1829 ló kó ìyàwó rẹ̀ Jean àtàwọn ọmọ gòkè. Mẹ́tàlá làwọn ọmọ náà máa tó jẹ́. Bí wọ́n ṣe ráyè sùn nínú ilé bíńtín yẹn, àwọn nìkan ló yé! Ohun tí wọ́n ń sọ nílùú ni pé fìtílà kan kì í kú níbẹ̀ lálẹ́, kí ẹni tó wà ní Kentucky lè mọ ibi tí yóò forí lé. Àtẹ̀gùn ni wọ́n ń bá gòkè láti ìsàlẹ̀. Àwọn olówó ẹrú náà kúkú mọ ilé ọ̀hún. Ní 1841 wọ́n ká wọn mọ́lé lóru, àwọn ọmọ Rankin sì fi ìbọn dá wọn lóhùn.

Ẹni tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí, ìsàlẹ̀ ló ń gbé, ní Front Street. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni John Parker nígbà tí wọ́n tà á kúrò ní Norfolk. Ní 1845 ó ra ara rẹ̀ padà ní 1,800 dọ́là. Ní Ripley, irin ló ń yọ́ lọ́sàn-án. Tílẹ̀ bá ṣú, á wa ọkọ̀ ojú omi lọ sí Kentucky. Nígbà kan, olówó ẹrú kan ń gbé ọmọ ọwọ́ tọkọtaya kan sùn ní yàrá tirẹ̀, kí àwọn òbí má baà lè sá. Parker yọ́ wọlé, ó gbé ọmọ náà níbi ẹsẹ̀ ibùsùn, ìbọn olówó ẹrú sì wà lórí àga nítòsí.

Ó ń kọ orúkọ àwọn tó kó sọdá sílẹ̀, wọ́n sì ti lé ní 300. Nígbà tí òfin 1850 wá le mọ́ ẹni tó bá ran ẹrú lọ́wọ́, ó ju ìwé náà sínú iná ìléru rẹ̀. Ilé tirẹ̀ àti ti Rankin jọ di ibi ìtàn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kà sí pàtàkì ní 1997, àmọ́ àwọn orúkọ yẹn ti bá irin yọ́.