Pílásímà, alárinà láàárín dígí àti résìnì

Ní 1932, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Dale Kleist ń fi dígí yíyọ́ lẹ búlọ́ọ̀kù dígí pọ̀, ni afẹ́fẹ́ alágbára bá fẹ́ dígí náà, ó sì di fọ́nrán wẹ́wẹ́. Láti ibẹ̀ la ti bọ́ sí fáíbà tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi: fọ́nrán dígí tí résìnì, ìyẹn kẹ́míkà olómi tó ń dì bí oje igi, mu, tó wá le gbagidi.

Ṣùgbọ́n ara dígí ń fa omi, résìnì kò sì fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Bí ọ̀rinrin bá pẹ́ lára fáíbà, omi á yọ́ wọ àárín wọn, á sì tú wọn ká. Ní àwọn ọdún 1940, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà rí alárinà kan, silane, tó ń fi ọwọ́ kan di dígí mú, tó ń fi èkejì di résìnì. Wọ́n máa ń ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹba. Èyí kò gbọdọ̀ yẹba láé. Bó bá yẹ̀, omi wọlé nìyẹn.

Ọ̀nà mìíràn ni pílásímà gbà dé. Ní 1879, ní ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì William Crookes ṣàlàyé ìmọ́lẹ̀ tó máa ń tàn nínú ìgò tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n sì rán iná mànàmáná gbà á kọjá. Ó ní kì í ṣe líle, kì í ṣe olómi, kì í sì í ṣe gáàsì lásán: ipò kẹrin tí nǹkan lè wà ni. Irving Langmuir, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ ní pílásímà ní 1928. Òun náà ló ń tàn nínú iná fílórẹ́sẹ́ǹtì ilé wa.

Bí fọ́nrán dígí bá wọ inú pílásímà ọ́síjìn, nínú àpótí tí wọ́n dé pinpin, pílásímà náà yóò bó ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, yóò sì fi ibi tí résìnì lè dì mú sílẹ̀. Awọ òkè nìkan ló ń kàn, inú fọ́nrán kò yí padà. Àmọ́ bó bá pẹ́ jù, ó ń ṣe fọ́nrán náà léṣe.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Dípò gáàsì lásán, wọ́n rán oru kẹ́míkà tó ní sílíkọ́nì wọ inú àpótí náà, pílásímà fúnra rẹ̀ sì hun alárinà náà mọ́ ara fọ́nrán. Ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìlú Brno, ní Czech, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí èyí. Bí wọ́n bá yí agbára iná padà, líle awọ alárinà náà àti bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ dígí á yí padà pẹ̀lú.

Àpótí yẹn gan-an ló ń dí ilé-iṣẹ́ ńlá lọ́wọ́: ó gbọ́dọ̀ dé pinpin, bẹ́ẹ̀ fọ́nrán ń sáré jáde láti ojú iná láìdúró. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Risø, ní Denmark, fi mú pílásímà jáde sí afẹ́fẹ́ gbangba, tí wọ́n sì fọ́n ọn sára fáíbà irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe abẹ̀bẹ̀ ẹ̀rọ tí ń fi atẹ́gùn ṣe iná.