Oúnjẹ Ilé-iṣẹ́ Inú Ọ̀rá àti Agolo: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Najà n'Ífẹ̀

Wọ́n ní ká yẹra fún oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ ti sọ di nǹkan mìíràn. Gàrí ńkọ́? Ṣebí ẹ̀rọ náà ló ń rin ín?

Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí gàrí. Pé ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kan oúnjẹ kò sọ ọ́ di burúkú. Ẹ wo irú tí àwọn ìyá wa ń tà lọ́jà Odò-Ogbè: wọ́n á sè é títí yóò fi rọ̀, wọ́n á gún un kí èèpo rẹ̀ lè bọ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Iṣẹ́ ńlá ni, síbẹ̀ irú náà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú oore tó ń ṣe fún ara. Ẹ̀gẹ́ ni gàrí náà: a bó o, a rin ín, a fún omi rẹ̀ dànù, a yan án.

Èyí tí a ní kí ẹ ṣọ́ra fún yàtọ̀. Carlos Monteiro, onímọ̀ ìlera ní Yunifásítì São Paulo ní Brazil, ló là á sílẹ̀ ní 2009. Ilé-iṣẹ́ á fa sítáàṣì, òróró àti ṣúgà yọ lára àgbàdo, ṣóyà tàbí ìrèké, wọ́n á fi wọ́n mọ oúnjẹ mìíràn, wọ́n á fi àwọ̀ àti òórùn àtọwọ́dá sí i. Bisikíìtì, ẹlẹ́rìndòdò, sọ́séèjì, núdùlù tí gbogbo wa ń pè ní Indomie láìka ẹni tó ṣe é sí: ọ̀wọ́ yẹn ni wọ́n wà.

Kí ló burú níbẹ̀ gan-an?

Ó ń mú ni jẹ àjẹjù láìmọ̀. Ní 2019, onímọ̀ ìwádìí kan, Kevin Hall, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà gba ènìyàn 20 sílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Wọ́n jẹ oúnjẹ ilé-iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ tí ilé-iṣẹ́ kò tíì sọ di nǹkan mìíràn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣúgà, iyọ̀ àti ọ̀rá tí wọ́n gbé síwájú wọn dọ́gba. Kóówá jẹ ìwọ̀n tó wù ú. Nígbà tó jẹ́ oúnjẹ ilé-iṣẹ́, wọ́n fi nǹkan bíi kálórì 500 jẹ ju ti oúnjẹ kejì lọ lójúmọ́, wọ́n sì fi ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò kan sanra sí i.

Ní ṣọ́ọ̀bù Lágere, báwo ni mo ṣe máa dá a mọ̀?

Ẹ yí ọ̀rá tí wọ́n fi di oúnjẹ náà sẹ́yìn kí ẹ kà á. Iwájú ni wọ́n ya èso àti màálù sí. Ẹ̀yìn ni òótọ́ wà. Ohun tó pọ̀ jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ. Bí ṣúgà bá wà nípò kìíní tàbí ìkejì, ṣúgà lẹ fẹ́ fowó rà yẹn. Ó lè sá pamọ́ sábẹ́ glucose syrup tàbí dextrose. Bí ẹ bá rí vegetable fat lẹ́yìn mílíìkì olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò, òróró ni wọ́n fi dípò rẹ̀.

Ti ẹlẹ́rìndòdò, ẹ ṣírò rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10 ṣúgà sí mílílítà 100, ìgò 50 cl gbé gíráàmù 50. Ṣíbí tíì kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù 4, èyí já sí ṣíbí méjìlá ó lé díẹ̀. Bíi iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má kọjá lójúmọ́ nìyẹn, ọmọ ọdún márùn-ún la sì ń gbé e lé lọ́wọ́ níbi ọjọ́ ìbí. Ó ń dùn mí.

Sàdínì àti tòmátò inú agolo ńkọ́?

Sàdínì: ẹja, òróró, iyọ̀. Ti tòmátò: tòmátò, iyọ̀. Ẹ rà á.

Mágì?

Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan. A ó fi Mágì sọ́bẹ̀ tán, a ó tún bu iyọ̀ lé e, ẹ̀jẹ̀ á sì máa ru. Irú tó pọ̀ dáadáa àti edé lílọ̀ ń mú ọbẹ̀ dùn tí ẹ kò fi ní wá Mágì mẹ́ta.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ń jáde, Indomie sì ni ọmọ mi ń béèrè.

Ẹ má bá ọmọ jà. Ìdajì èròjà inú ọ̀rá kékeré yẹn ni kí ẹ dà sí i, ibẹ̀ ni iyọ̀ pọ̀ sí. Ẹ já tẹ̀tẹ̀ sí i, ẹ fọ́ ẹyin sí i. Lọ́jọ́ mìíràn, ògì àti mọ́ínmọ́ín ti ìyá tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà yín kò ní pẹ́ yín rárá. Ẹ kàn má da ṣúgà ṣíbí mẹ́fà sínú ògì náà.