Ibi tí irun mink ti ń wá kó tó dé ojú ìyàwó ní Ìkòròdú

Ní àárọ̀ Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, àwọn tó ń ṣe méékọ́ọ̀pù ní Ìkòròdú ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Láti Sábó títí dé Ìgbógbó, ìyàwó ti jókòó síwájú dígí, wọ́n ti kun àtíkè tán, gèlè ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wá ku láàṣì, irun tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìpéǹpéjú. Oríṣiríṣi ló wà, èyí tí wọ́n sì máa ń fi yangàn jù ni èyí tí wọ́n kọ "mink" sára páálí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń rà á rò pé orúkọ ọjà lásán ni. Orúkọ ẹranko ni.

Mink kò sí nínú igbó tiwa. Ilẹ̀ olótùútù ní Àríwá Amẹ́ríkà ni èyí tí wọ́n ń sìn ti ṣẹ̀ wá. Ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, irun rẹ̀ nípọn ó sì ń dán. Etí odò ló ń gbé, ó mọ omi wẹ̀ dáadáa, ẹja, ọ̀pọ̀lọ́ àti eku ló sì ń pa jẹ. Kì í bá ẹgbẹ́ rìn. Òun nìkan ló ń dá ń kiri, ó sì lè rin ọ̀pọ̀ kìlómítà lẹ́bàá odò nítorí oúnjẹ.

Nínú oko mink, àgò wáyà ni wọ́n ń kó wọn sí, ní ìlà gbọọrọ lábẹ́ páànù. Ní Yúróòpù, àgò kan kì í sábà gùn ju 90 sẹ̀ǹtímítà lọ, ìbú rẹ̀ kò sì ju bíi 30 lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà wáyà ni, kí ìgbẹ́ lè máa jábọ́, kó má baà sí iṣẹ́ gbígbá. Kò sí odò níbẹ̀. Ẹranko tí Ọlọ́run fi awọ sí láàárín ìka ẹsẹ̀ kó lè máa wẹ̀, kò ní wọ omi títí yóò fi kú. Ìyà náà sì ń hàn lára rẹ̀: a máa lọ, a máa bọ̀ lójú kan náà, a máa mi orí léraléra, òmíràn a sì máa bu ìrù ara rẹ̀ jẹ.

Ní Oṣù Kẹta, akọ ń gun abo. Láàárín Oṣù Kẹrin sí Oṣù Karùn-ún, wọ́n ń bímọ, márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan. Bí òtútù bá dé ní Oṣù Kọkànlá, irun àwọn ọmọ náà a kún, a dán, wọ́n á sì pa wọ́n. Oṣù mẹ́fà tàbí méje péré ni wọ́n lò láyé. Wọn kì í lo ọ̀bẹ, torí ẹ̀jẹ̀ yóò ba irun jẹ́. Inú àpótí ni wọ́n ń kó wọn sí, wọ́n á sì tú gáàsì sí i. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí wọ́n ń sìn nítorí irun, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń pa á: wọ́n á ki irin kan sí i lẹ́nu, wọ́n á ki ìkejì sí i nídìí. Awọ nìkan ni wọ́n ń wá. Fún kóòtù gígùn kan, awọ mink bíi 50 sí 60 ni wọ́n ń rán pọ̀.

Ara òwò awọ yìí ni irun láàṣì ti ń jáde. Wọ́n á gé irun náà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á pa kòkòrò ara rẹ̀, wọ́n á ṣà á ní gígùn gígùn, wọ́n á fi ooru ká a, àwọn òṣìṣẹ́ á wá fi ọwọ́ tò ó sára òwú tẹ́ẹ́rẹ́. Ìlú Pingdu ní ìpínlẹ̀ Shandong, ní Ṣáínà, ni wọ́n mọ̀ jù fún iṣẹ́ láàṣì. Páálí páálí ni ọjà náà ń dé Trade Fair àti Balógun, kí àwọn tó ń tún un tà tó kó o gba Mile 12 wọ Ìkòròdú.

Lára ọ̀pọ̀ páálí ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé wọn kò fìyà jẹ ẹranko, pé ṣe ni wọ́n rọra fi kóòmù ya irun rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń mú ọkàn olùrà balẹ̀, kò sì dára tó. Mink máa ń bunijẹ burúkú. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn ni àwọn òṣìṣẹ́ oko fi ń dì í mú. Ká tilẹ̀ ní ẹnìkan jókòó ya irun rẹ̀ lóòótọ́, inú àgò wáyà yẹn náà ló máa dá a padà sí, Oṣù Kọkànlá yóò sì dé.

Ìlú Ọba ti ṣòfin lòdì sí irú oko yìí ní England àti Wales láti 2000. Ní 2020, kòrónà wọ oko mink ní Nẹ́dálándì àti Dẹ́ńmáàkì. Ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà, ìjọba Dẹ́ńmáàkì ní kí wọ́n pa gbogbo mink tó wà lóko, èyí tó tó mílíọ̀nù 15 ó kéré tán. Gucci, ilé-iṣẹ́ aṣọ olówó ńlá ní Ítálì, sì ti jáwọ́ nínú irun ẹranko láti 2018. Láàṣì kéré, ó fúyẹ́, kì í sì í sábà wọ inú ọ̀rọ̀ náà bíi kóòtù.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n kọ mink sí ló jẹ́ mink. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí àtẹ lówó pọ́ọ́kú, oníke ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀, kó fa ẹyọ irun kan yọ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́jú, kó fi ẹ̀mú kékeré dì í mú jìnnà sí aṣọ, kó ṣáná sí i. Irun ẹranko a ká jọ, a rùn bí ìgbà tí wọ́n ń wi ewúrẹ́, a sì di eérú tó ń rún mọ́ni lọ́wọ́. Oníke a yọ́, a di kókó líle, a sì rùn bí náílọ́ọ̀nù tó jóná. Sílípáàsì onírun náà ní ọ̀nà tirẹ̀: pín irun rẹ̀ sí méjì títí dé ìdí. Bó bá jẹ́ awọ ló wà nísàlẹ̀, ara ẹran ló ti wá. Bó bá jẹ́ aṣọ híhun, oníke ni. Kí ẹnikẹ́ni má wo owó rẹ̀ o, torí irun ẹranko gidi wà lára bàtà olówó pọ́ọ́kú náà. Lẹ́nu ìsọ̀, "faux mink" (mink àfarawé) tàbí "synthetic" (oníke) ni kí olùrà wá lára páálí láàṣì, kó sì fi iṣáná dán an wò bó bá délé.