Jíjẹ àti dídà oúnjẹ lára màlúù oníwàrà

Màlúù oníwàrà ni èyí tí a ń sìn nítorí wàrà rẹ̀. Apá mẹ́rin ni ikùn rẹ̀ pín sí. Ṣàkì, tí í ṣe èkíní, ni ó tóbi jù lára àgbà màlúù, ó sì lè gbà ju 100 lítà lọ. Ẹ̀kẹrin nìkan ni ó ń sun omi tí ń da oúnjẹ.

Ọmọ màlúù

Lára ọmọ tuntun, ikùn kẹrin ni ó tóbi jù. Ṣàkì ṣì kéré, kò sì tíì lè da koríko. Bí ọmọ bá ń mu ọmú, ojú ọ̀nà kan lẹ́nu ikùn á ká pọ̀, wàrà á sì gba ibẹ̀ lọ tààrà sí ikùn kẹrin, níbi tí yóò ti dì. Nínú wàrà àkọ́fún ni èròjà tí ìyá fi ń dáàbò bo ọmọ lọ́wọ́ àrùn wà. Láàárín wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí ọmọ mu ún, torí pé bí ó bá ti tó nǹkan bíi wákàtí 24, ìfun kì í lè gbà á sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́.

Oúnjẹ líle ni ó ń kọ́ ṣàkì níṣẹ́, ju ọjọ́ orí lọ. Bí ọmọ bá ti ń jẹ oúnjẹ oníhóró, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ṣàkì á mú un kan, wọ́n á sì sọ ọ́ di oríṣiríṣi ásíìdì. Ásíìdì bútíríìkì, àti própíónìkì lẹ́yìn rẹ̀, ló ń mú kí èèhù kéékèèké hù lára ògiri ṣàkì. Àwọn èèhù yìí ló ń fa èròjà sínú ẹ̀jẹ̀. Koríko gbígbẹ ń mú ṣàkì fẹ̀, ó sì ń fún iṣan rẹ̀ lókun, ṣùgbọ́n kì í mú èèhù hù tó hóró. A gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní omi lọ́tọ̀ pẹ̀lú, nítorí wàrà tí ó ń mu kì í dé ṣàkì. Ọ̀pọ̀ oko ń já ọmọ lẹ́nu wàrà láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, àmọ́ iye hóró tí ó ń jẹ lójúmọ́ jọ pé ó jẹ́ àmì tí ó ṣeé gbára lé jù.

Ẹgbọ̀rọ̀

Koríko lè jẹ́ ìpín tí ó tóbi jù lọ nínú oúnjẹ ẹgbọ̀rọ̀, ìyẹn abo màlúù tí kò tíì bímọ. A máa ń fojú sí bí ó ṣe ń sanra kí ó lè bí àkọ́bí ní nǹkan bí oṣù 24.

Màlúù tí ń fún wàrà

Àgbà màlúù lè fi bíi wákàtí 8 jẹ àpọ̀jẹ lójúmọ́. Itọ́ rẹ̀, tí ó lè ju 100 lítà lọ lójúmọ́, ń rọ kíkan inú ṣàkì. Bí hóró bá pọ̀ jù tí koríko kò tó, àpọ̀jẹ á dín kù, itọ́ náà á dín kù, ṣàkì á sì kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ásíìdì asẹ́tíìkì ni ara fi ń ṣe ọ̀rá wàrà. Própíónìkì ni ẹ̀dọ̀ ń sọ di ṣúgà.

Bí ìbímọ bá ti kù bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìjẹun máa ń rẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìbímọ, wàrà máa ń pọ̀ dé góńgó ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 8, ṣùgbọ́n ìjẹun kì í dé góńgó tirẹ̀ títí di bí ọ̀sẹ̀ 10 sí 14. Ọ̀rá ara ni màlúù fi ń dí àlàfo yìí. Bí ọ̀rá tí ó ń dé ẹ̀dọ̀ bá pọ̀ jù, àìsàn kẹtósìsì, níbi tí èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti inú ọ̀rá ti ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, lè tẹ̀lé e.