Ìbojú ni, kì í ṣe ìfọ́lójú

"Àyẹ̀wò afọ́jú" làwọn kan ń pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "blinding": kí ẹni tó ń ṣèwádìí lára ẹranko má mọ èyí tó gba nǹkan tí à ń dán wò. Ta ló fọ́jú níbẹ̀? Ṣé ẹni tó jókòó ti adìyẹ, tó ń fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá? Ojú rẹ̀ là kedere, òun gan-an la gbójú lé. Àwọn mìíràn ní "ìfọ́lójú", bí ẹni pé wọ́n fi igi gún olùṣèwádìí lójú. Àwọn tó ń kọ "dọ́bù-bíláìndì" ("double-blind") ní tiwọn kò túmọ̀ nǹkan kan. Wọ́n kàn da agbádá bo Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ìbojú ni kí ẹ pè é. Ẹni tó bá ṣeré bojúbojú rí ti mọ̀ ọ́n tán: wọ́n á bo ẹnì kan lójú, àwọn yòókù á lọ sá pamọ́, ìgbà tí oníkálukú bá ti fara pamọ́ tán ni ojú tó ń ṣí. Ẹni tó bá yọjú wò láàárín ìka ti ba eré jẹ́. Ohun tí a ń bò mọ́ olùṣèwádìí lójú náà nìyẹn: ẹranko wo ló gba nǹkan, èwo ni kò gbà. Bí iṣẹ́ bá parí, a ó ṣí i. Wọ́n ní aṣọ ìyàwó ni ìbojú. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó náà kì í wọ̀ ọ́ sùn.

Ó tún bá ojúsàájú rìn, torí ojúsàájú ni ìbojú ń dènà. Ẹ má pè é ní ẹ̀tanú: ẹlẹ́tanú ní ibi lọ́kàn. Wilhelm von Osten, olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì ní Berlin, kò ní. Ó gbà tọkàntọkàn pé Hans, ẹṣin òun, mọ ìṣirò, torí ó ń fi pátákò lu ilẹ̀ títí dé iye tó tọ́. Ìgbìmọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dún 1904 kò rí màgòmágó kankan. Olùṣèwádìí kan, Oskar Pfungst, ló wá tú u: bí ẹni tó ń béèrè kò bá mọ ìdáhùn, ẹṣin náà kò mọ̀ ọ́n. Onítọ̀hún á tẹ̀ síwájú díẹ̀ láti wo pátákò, iye tó tọ́ á pé, orí rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀, ẹṣin á dáwọ́ dúró. Pfungst alára ń ṣe é láìmọ̀.

Ká wá ní adìyẹ 24 ni: 12 ń jẹ oúnjẹ tuntun, 12 ń jẹ ti tẹ́lẹ̀, a sì fẹ́ mọ̀ bóyá oúnjẹ náà ń dín ìbẹ̀rù kù. Ẹnì kan tí kò ní bá wọn wò ó ni kó ṣẹ́ kèké, kó fi òrùka onínọ́ńbà 1 sí 24 sí wọn lẹ́sẹ̀, kó fún wọn lóúnjẹ, kó sì lẹ àkọsílẹ̀ ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ń jẹ pa sínú àpòòwé. Ẹlòmíràn á gbé adìyẹ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan sọ́dọ̀ ike pupa kan tí kò rí rí, ká lè wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó sún mọ́ ọn. Ẹnì kẹta á ka ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ má kọ "ẹ̀rù bà á". Èrò tiyín nìyẹn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà sí ike náà, kí ẹ kọ àáyá tí ẹsẹ̀ méjèèjì fi kọjá ìlà. Bó bá di 300 láìkọjá, ẹ kọ 300.

Àríyànjiyàn lórí ìbojú kan tàbí méjì, ìyẹn bóyá ẹnì kan la máa bò lójú tàbí ẹni méjì, kò tó nǹkan: ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹran tàbí tó mú bírò, ẹ bo ojú rẹ̀. Agbádìyẹ tó mọ èyí tó jẹ oúnjẹ tuntun lè rọra gbé e kalẹ̀, kó sì ju ìkejì.

Ohun tó sábà ń tú àṣírí kì í ṣe àpòòwé. Òrùka pupa fún gbogbo àwọn tó jẹ oúnjẹ tuntun, àwọ̀ oúnjẹ tó lẹ̀ mọ́ àgógó, tàbí kí a yẹ 12 wò láàárọ̀ kí a sì fi 12 yòókù sí ọ̀sán: ìyẹn ló ń tú u. Kèké ni kó yan ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú. Bí adìyẹ kan bá sì ṣàìsàn, ìgbà tí àpòòwé ṣì wà ní lílẹ̀ ni kí ẹ ti yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá ṣí i tán kí ẹ tó rántí pé nọ́ńbà 17 kò jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ jù. Ẹ fi iye tó ní sílẹ̀.