Ọ́kíìdì inú ìgò: kí ló ń jẹ, omi wo ló ń mu?

Ìbéèrè: Wọ́n fún mi ní ọmọ ọ́kíìdì (orchid), ewéko olódòdó, nínú ìgò tí wọ́n dé pa. Oṣù mẹ́rin ni mi ò ta omi sí i, síbẹ̀ ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Mo wá yọ ọ́ gbìn, mo bomi rin ín dáadáa, kó tó di ọjọ́ kẹta ó ti rọ. Ẹ jọ̀wọ́, kí ló pa á?

Ìdáhùn: Òùngbẹ ni. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ irú èyí, nítorí ẹ ò ṣàìbomi rin ín. Afẹ́fẹ́ inú ìgò ló tutù rinrin, omi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lára ewé. Ewé tó dàgbà síbẹ̀, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, àwọn ihò tó fi ń mí kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń padé. Bó ṣe bọ́ sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, omi ń jáde lára rẹ̀ ju èyí tí gbòǹgbò kéékèèké yẹn lè fà lọ.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń jẹ níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ṣúgà ni olórí oúnjẹ rẹ̀. Irúgbìn ọ́kíìdì dà bí eruku, kò ní oúnjẹ ìpamọ́ bíi ti àgbàdo. Nínú igbó, ẹ̀yà olú kan tí ojú kò rí ló ń bọ́ ọ. Lọ́dún 1922, Lewis Knudson, onímọ̀ nípa ewéko ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé ṣúgà lè rọ́pò olú náà.

Ohun tó dì bí ẹ̀kọ nísàlẹ̀ ìgò, ágà ni, láti ara ewéko òkun. Nǹkan bíi gíráàmù 7 sí 8 ló ń mú lítà omi kan dì, nítorí náà omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ń fi nǹkan bíi gíráàmù 20 ṣúgà sí i, àti àwọn èròjà inú ajílẹ̀ NPK, kálísíọ́ọ̀mù àti irin díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ń fi omi àgbọn kún un, torí ó ní ohun tó ń mú kí àwọn ẹyọ kéékèèké (sẹ́ẹ̀lì) inú ara ewéko pín, kí wọ́n sì pọ̀ sí i. Àmọ́ ajílẹ̀ àpọ̀jù léwu: iyọ̀ rẹ̀ kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà, bí omi tiẹ̀ yí i ká.

Ìbéèrè: Báwo ni kí n ṣe òmíràn?

Ìdáhùn: Ẹ fọ ágà kúrò lára gbòǹgbò pátápátá, torí ṣúgà tó kù á bu. Ẹ má gbìn ín sí erùpẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́kíìdì orí igi ni wọ́n ń gbé. Wọn kì í ṣe àfòmọ́, wọn kì í fa oje igi, gbòǹgbò wọn kàn fẹ́ afẹ́fẹ́ ni. Èèpo igi wẹ́wẹ́ tó rin díẹ̀ ló yẹ wọ́n. Ẹ fi ike tó mọ́ gaara bò ó níbòòji, kẹ́ ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ajílẹ̀ di ìgbà tí gbòǹgbò tuntun bá yọrí. Ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike ajílẹ̀ náà ti tó.